Àwùjọ Inú Ẹ̀rọ

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fà sí mi lára lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ tó lè pa mí ni, ọkọ mi sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, ó ní kí wọ́n fà á. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn mi o. Ẹ̀rọ rẹ̀ ló gbà gbọ́ jù mí lọ.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe dé Banjul. Ìbàdàn la ti wá, èmi, Fọlọ́runṣọ́ ọkọ mi, àti Adéjàre àkọ́bí wa. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Crab Island. Ọkọ mi ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ tó jẹ́ pé tó bá sọ ọ́ fún àwọn ará wa tó ń tajà ní Westfield, wọ́n á ní kó bá wọn tún rédíò wọn ṣe. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Soldier Town, tí aboyún pọ̀ jù níbẹ̀, ló pè é wá. Àwọn òyìnbó kan ti fi kọ̀ǹpútà kan ta wọ́n lọ́rẹ, ẹ̀rọ kan tó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù. Ojú méjì ló ní, tí wọ́n dà bíi tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀kan wà ní yàrá àyẹ̀wò ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, èkejì wà nínú yàrá ìgbẹ̀bí. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni kó máa rántí irú ẹ̀jẹ̀ tí aboyún kọ̀ọ̀kan ní, kó má di pé obìnrin ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ kí wọ́n tó máa wá irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kiri.

Ìbàdàn ni ọkọ mi ti kọ ètò tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ní yunifásítì, ó sì gbé e wá lórí tépù. Wọ́n ń pe ọ̀gá ètò tó ń darí ẹ̀rọ ti Ìbàdàn ní Unix. Unix náà ni wọ́n ń pe ti Banjul. Ọjọ́ tí ètò rẹ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbí, ó fò sókè bí ọmọdé.

"Àyọ̀kẹ́, ó gbà á! Kò jiyàn rárá! Bí ìgbà téèyàn gbé ìkòkò láti orí ààrò kan sórí òmíràn ni."

Ohun tó ń fi yangàn jù ni àṣẹ kan tó ń jẹ́ máàpù. Mo ti gbọ́ nípa máàpù nígbà tí à ń jẹun, mo ti gbọ́ ọ nígbà tí mò ń fọṣọ. Ó ní tẹ́lẹ̀, tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ ṣàtúnṣe sí nǹkan kan, á sáré lọ mú un nínú dísìkì tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, á gbé e wá sínú ìrántí, á tún un ṣe, á tún sáré gbé e padà. Máàpù kò fẹ́ irú lílọ bíbọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣe ló máa ń ṣí fèrèsé láti inú ìrántí sí inú dísìkì. Ẹni tó bá na ọwọ́ gba fèrèsé yìí, inú dísìkì gan-an lọwọ́ rẹ̀ wà, gbogbo ẹni tó bá sì wo ibẹ̀ láti fèrèsé mìíràn ló máa rí ohun tó ṣe. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin yunifásítì wọn ló fi ọwọ́ ara wọn ṣe é kún Unix tiwọn. Ó sì bá a nínú ti Banjul náà, orúkọ kan náà, ohun kan náà ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni. Inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn.

Obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ ni Aunty Hannah, ọmọ Aku, àwọn onílé àtijọ́ ìlú yìí. Èdè Aku kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Yorùbá pọ̀ nínú rẹ̀, èyí sì ni ó máa ń tan àwa àjèjì jẹ. Tí mo bá jókòó gẹlẹtẹ lẹ́nu ọ̀nà, tí Aunty Hannah ń kọjá, á ní, "Kushe-o!" Èmi á ní, "Aunty, mi ò kúkú ṣiṣẹ́ kankan." Mi ò mọ̀ pé kìkì kíkí ni ó ń kí mi.

Ti ọkọ mi ló wá burú. Kò pẹ́ tí a dé tí Aunty Hannah sọ fún wa pé, "We de cook awujoh Satide. Una mus cam." Fọlọ́runṣọ́ gbọ́ àwùjọ. Ó ní àwọn èèyàn ńlá ìlú fẹ́ pé jọ, wọ́n sì fẹ́ kí òun wá sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ó wọ agbádá aláwọ̀ ọsàn, ó kọ́ ọ̀rọ̀ tó máa sọ sórí. Nígbà tí a débẹ̀, ẹ̀wà àti àkàrà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ díńdín ni a bá, àti ihò kan tí wọ́n gbẹ́ sínú àgbàlá tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí, tí wọ́n ń dárúkọ àwọn òkú ilé wọn. Ọkọ mi dìde, ó wúkọ́, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé inú òun dùn láti rí irú àwùjọ ńlá báyìí. Gbogbo ojú yí sí i. Aunty Hannah fà á lágbádá wẹ́rẹ́.

"Na for mi mama," ó ní. "Mi mama wey don die."

Àsè òkú ni wọ́n ń pè ní awujoh. Ẹ̀rín tí mo rín nígbà tí a délé, díẹ̀ ló kù kí n dákú. Láti ìgbà náà ni àwùjọ ti di ọ̀rọ̀ inú ilé wa. Ohunkóhun tó bá jẹ́ orúkọ tá a mọ̀ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe iṣẹ́ tá a mọ̀ ọ́n mọ́, a ó wo ara wa lójú, a ó ní, "Àwùjọ nìyẹn o." Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ àfi àwa méjèèjì.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 1979, oyún kejì mi wọ oṣù rẹ̀. B ni wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ fún mi nígbà tí mo kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Nígbà tí mo wá rí i, mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, O ni wọ́n sọ fún mi ní Ìbàdàn nígbà tí mo bí Adéjàre. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti eré, nítorí tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ B sára ẹni tó ní O, ara á bá ẹ̀jẹ̀ náà jà, ìjà náà sì lè gba ẹ̀mí onítọ̀hún. Aunty Hannah fi ìyókù oògùn àyẹ̀wò tó wà nínú ìgò tún ẹ̀jẹ̀ mi yẹ̀ wò. Wọ́n ti ṣèèṣì pààrọ̀ tèmi mọ́ ti ẹlòmíràn ni.

"Na O, ma pikin. Sori-o. A go chenj am now-now."

Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò. Mo fi ojú mi rí B tó parẹ́ lójú ẹ̀rọ, mo rí O tó jókòó sí ipò rẹ̀. Mo mí kanlẹ̀, mo sì lọ sílé lọ sè benachin, ìrẹsì alásèpọ̀ tiwọn.

Ọjọ́ kejì ni mo rọbí, òjò sì ń dà lórí páànù bí ẹni ń da òkúta. Ọkọ mi ti lọ sí Westfield láti wá wáyà kan rà, wọ́n rán èèyàn lọ pè é. Ọmọ kò tilẹ̀ dúró dè é. Obìnrin ni, igbe rẹ̀ le, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mo rí i pé dókítà kò rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ ọ́n lára bí nǹkan gbígbóná ṣe ń ṣàn lábẹ́ mi, kò sì dáwọ́ dúró. Wọ́n tẹ ikùn mi, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, ó ṣì ń ṣàn. Ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ẹ̀rù bà mí, irú ẹ̀rù tí mi ò tíì mọ̀ rí, bíi pé ilẹ̀ ń lọ kúrò lábẹ́ ibùsùn.

"Ẹ wá ẹ̀jẹ̀," dókítà ní.

Sister Fatima, nọ́ọ̀sì tó dúró tì mí, yíjú sí ojú ẹ̀rọ tó wà lára ògiri. Ó tẹ orúkọ mi.

"B," ó ní. "Ọpẹ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ B wà nílẹ̀. Idrissa awakọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wa láàárọ̀."

"O ni mí!" Mo rò pé mo pariwo, ṣùgbọ́n ohùn mi kò ju ti ọmọ ológbò lọ. "Sister, O ni. Wọ́n ti tún un ṣe lánàá."

"Waaw, waaw," ó ń fi Wolof sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Má sọ̀rọ̀ mọ́, ìyá ọmọ."

"Ẹ tún un yẹ̀ wò!"

"Oògùn àyẹ̀wò ti tán, òmíràn kò tíì dé."

"Ẹ pe Aunty Hannah!"

"Hannah kò wá lónìí. Ọdún ìyá rẹ̀ ni, wọ́n ń ṣe awujoh nílé wọn."

Dókítà ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kì í mọ ohun tó ń sọ mọ́. Lójú mi kòrókòró ló sọ ọ́. Wọ́n lọ gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ wá. Mo ń wo ìgò pupa yẹn tó ń bọ̀ lọ́wọ́ Sister Fatima, mo ń gbọ́ igbe ọmọ mi nínú ibùsùn kékeré rẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, mo ti kú nìyẹn.

Nígbà náà ni Fọlọ́runṣọ́ wọlé, omi ń kán lára rẹ̀. Ọlọ́run nìkan ló mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá Jàre, ẹ sọ fún wọn. B ni wọ́n fẹ́ fà sí mi lára. O ni mí."

Ìpayà hàn lójú rẹ̀. Ó wo ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀, ó wo dókítà, ó wá wo ojú ẹ̀rọ. Ó tẹ orúkọ mi fúnra rẹ̀. B. Ó tún un tẹ̀. B.

"Àyọ̀kẹ́, B ló wà níbí."

"Aunty Hannah ti yí i padà lójú mi ní yàrá àyẹ̀wò!"

"Tó bá ti yí i padà níbẹ̀, ó ti yí padà níbí nìyẹn. Máàpù ni mo lò. Ohun tó bá fọwọ́ kàn láti fèrèsé tọ̀hún, inú dísìkì gan-an ló fọwọ́ kàn." Omijé wà lójú rẹ̀, síbẹ̀ ó ń ṣàlàyé. "Bóyá orúkọ ẹlòmíràn lo rí. Ẹ̀rọ kì í gbàgbé, Àyọ̀kẹ́. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí wọ́n fà á. O ò rí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ ni?" Ó kọjú sí dókítà. "Ẹ fà á, sà."

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé pé mò ń kú lọ. Èmi aya rẹ̀, tí mo mọ orúkọ ara mi, tí mo mọ ẹ̀jẹ̀ ara mi! Sister Fatima ti ń fi òwú nu apá mi. Mo ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo lè sọ tó máa wọ orí ọkùnrin yìí, nítorí èémí mi kò lè gbé ju ọ̀kan lọ. Ohun tí Sister Fatima sọ nípa Aunty Hannah ṣì ń dún létí mi. Wọ́n ń ṣe awujoh nílé wọn. Máàpù ti Ìbàdàn, máàpù ti Banjul. Orúkọ kan náà. Ó gbà á láì jiyàn.

"Àwùjọ!" mo kígbe. "Àwùjọ ni! Máàpù yẹn, àwùjọ ni!"

Sister Fatima jọ̀wọ́ òwú ọwọ́ rẹ̀. "Yàá Allah," ó ní. "Ó ń pe àwọn òkú rẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà.

Ṣùgbọ́n mo rí ojú ọkọ mi. Ó wo ojú ẹ̀rọ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti sáré jáde, mo ń gbọ́ bàtà rẹ̀ tó tutù bó ṣe ń lu pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Dókítà kò dúró dè é. Ó ní kí wọ́n di apá mi mú. Mo ká apá náà mọ́ àyà, wọ́n fà á, mo tún ká a. Agbára wo ló kù lára mi? Wọ́n nà án. Abẹ́rẹ́ wọlé. Mo rí ẹ̀jẹ̀ Idrissa tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, mi ò sì lè mú ojú kúrò lára rẹ̀.

"Ẹ dúró!" Ohùn Fọlọ́runṣọ́ ti ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá. "O! O ló wà níbí! Ẹ má fà á!"

Sister Fatima fi ìka méjì fún ọ̀pá náà pa kí ẹ̀jẹ̀ tó dé apá mi. Dókítà bínú. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ojú méjì, ọ̀kan ní B, ọ̀kan ní O, èwo ni kí òun gbà gbọ́? Ọkọ mi wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní fèrèsé ni máàpù ti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ti ibí yìí, tí ẹnì kan bá ti na ọwọ́ sí i, ńṣe ló máa ń ya àwòrán ohun tó wà lẹ́yìn fèrèsé, á gbé àwòrán náà fún un, á jẹ́ kó máa tún àwòrán ṣe. Onítọ̀hún nìkan ló ń rí àtúnṣe rẹ̀. Orúkọ tuntun ni ètò ń kọ sínú dísìkì tààrà; àtúnṣe kì í dé ibẹ̀ rárá. Gbogbo ìdánwò tí òun ṣe, ojú kan náà tí òun ti tẹ̀ ẹ́ ni òun ti wò ó.

"Àtúnṣe Hannah ló wà níbẹ̀ yẹn," ó ní. "Ó tẹ̀ ẹ́ lánàá, kò tíì sí ẹni tó pa ètò náà láti ìgbà yẹn. Ti ìsinsìnyí ni O. Ti àtijọ́ ni B."

Ó bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó ké pe Idrissa pé kó sáré lọ mú Aunty Hannah wá. Ilé wọn kò jìnnà, àdúgbò kan náà ni. Síbẹ̀ ó pẹ́ lójú mi. Wọ́n ń tẹ ikùn mi, ojú mi ń ṣókùnkùn, ó ń mọ́lẹ̀, ó tún ń ṣókùnkùn. Ọkọ mi kúnlẹ̀ tì mí, ó ń sọ pé, "Má sùn, Àyọ̀kẹ́, má sùn." Mo ń ronú nípa Adéjàre tó wà lọ́dọ̀ Mùtíàt aládùúgbò wa, ta ni yóò máa gé èékánná rẹ̀? Ẹ̀rù ìyẹn bà mí ju ti ikú lọ.

Aunty Hannah wọlé pẹ̀lú gèlè funfun rẹ̀, epo àkàrà ṣì wà níka rẹ̀.

"Na O!" ó kígbe láti ẹnu ọ̀nà. "Na mi sef chenj am yestide! Mi sef na O. Una tek mi yone."

Ó nu epo ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ awujoh ìyá rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó na apá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fà sí mi lára. Mi ò lè sọ pé ọkàn mi balẹ̀ nígbà tó ń wọlé. Bí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ṣe ń sọ̀, mò ń dúró kí ara mi bẹ̀rẹ̀ ìjà, mò ń dúró kí ẹ̀yìn dùn mí, kí òtútù mú mi. Kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ móoru, lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ dá.

Wọn kò tíì yọ abẹ́rẹ́ lápá mi nígbà tí ààrá kan sán, iná sì lọ. Fáànù dúró. Ojú ẹ̀rọ tó wà lára ògiri ṣú dùdù. Kò sí ẹni tó bìkítà, irú rẹ̀ kì í ṣe tuntun ní Banjul. Ọmọ mu ọmú nínú òkùnkùn òjò yẹn.

Nígbà tí iná dé, ọkọ mi tan ẹ̀rọ, ó sì lọ sí yàrá àyẹ̀wò láti lọ tún orúkọ mi ṣe dáadáa. Sister Fatima, tí kò mọ nǹkan mìíràn tó lè ṣe, tẹ orúkọ mi níbi tiwa.

"B," ó ní.

Láti ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ ohùn Fọlọ́runṣọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"B."

Ó padà wá, ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù nídìí ibùsùn mi. Inú ìrántí ẹ̀rọ nìkan ni O tí Aunty Hannah tẹ̀ wà, ìrántí náà sì ti bá iná lọ. Mo fi ọwọ́ lé e lórí, mo sì bi í léèrè, nítorí mi ò lè pa á mọ́ra.

"Bàbá Jàre, tí iná bá ti lọ kí ẹ tó sáré débẹ̀ ńkọ́? Tí ojú méjèèjì bá sọ pé B, tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo sọ pé O, ṣé ẹ̀ bá gbà mí gbọ́?"

Mo rò pé kò gbọ́, mo tún bi í.

Ó dìde, ó gbé ọmọ lé mi láyà, ó ní kí n sinmi.